Èdè wa lẹ́nu Zélie: àgbéyẹ̀wò ìwé Children of Blood and Bone

Ìgbà méjì ni mo ka ìwé yìí kí n tó kọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, èmi nìkan ni mo kà á ní èdè Faransé, níbi tí wọ́n ti pe àkọlé rẹ̀ ní De sang et de rage. Lẹ́ẹ̀kejì, èmi àti ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún 15, ni a jọ kà á nílé wa ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin, ní alaalẹ́, nígbà tí ó bá ti parí iṣẹ́ tí wọ́n fún un nílé-ìwé. Kíkà ẹlẹ́ẹ̀kejì ni ó là mí lójú, nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ni Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, kọ ìwé náà fún ní ọdún 2018.

Ní ilẹ̀ tí a ti ń gbọ́ ìtàn náà, àwọn kan wà tí irun wọn funfun, tí òrìṣà sì fún ní agbára. Ọba Saran pa agbára yẹn run, ó sì ní kí wọ́n pa gbogbo àgbà tí ó ní in. Zélie ni ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé lórí, ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn tí wọ́n so kọ́. Lẹ́yìn ọdún 11, Amari, ọmọ ọba náà fúnra rẹ̀, jí ìwé awọ kan gbé, èyí tí ó lè dá agbára náà padà, ó sì bá Zélie pàdé ní ọjà Èkó. Àwọn méjèèjì àti Inan, arákùnrin Amari, ni wọ́n ń gba ìtàn náà sọ lẹ́nu ara wọn láti orí kan dé òmíràn.

Ilé Mama Agba ni ìwé náà ti kọ́kọ́ mú mi. Ìyá arúgbó yìí ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin bí a ṣe ń fi ọ̀pá jà, ṣùgbọ́n bí ẹ̀ṣọ́ ọba bá yọjú, kíá ni wọn yóò fi ọ̀pá pamọ́, tí wọn yóò mú abẹ́rẹ́ àti aṣọ, bí ẹni pé iṣẹ́ aránṣọ ni wọ́n ń kọ́. Ẹni tí ó bá dàgbà sí Kétu, níbi tí a ti ń fi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yẹ́ àwọn ìyá wa sí, kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un ìdí tí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ fi jẹ́ odi fún gbogbo abúlé.

Síbẹ̀, ohun tí ó ju gbogbo rẹ̀ lọ lójú mi ni pé èdè Yorùbá gan-an ni èdè tí ọba fi òfin dè nínú ìtàn náà, èdè yìí náà sì ni Zélie gbọ́dọ̀ fi ké pe agbára. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí ọmọ kan bá sọ Yorùbá nílé-ìwé wa, wọn a fi ohun kan kọ́ ọ lọ́rùn tí à ń pè ní sìnyáàlì, kò sì ní í bọ́ ọ títí yóò fi gbọ́ ti ẹlòmíràn tí ó ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Mo gbé e kọ́rùn lọ sílé lọ́jọ́ kan, mo sì rántí bí ìyá mi ṣe wò ó láìsọ̀rọ̀. Nítorí náà, nígbà tí a dé ibi ọfọ̀ àkọ́kọ́, tí ọmọ náà dákẹ́ Faransé tí ó sì ka Yorùbá yẹn sókè ketekete, mo ní láti gbé ìwé sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wò mí, ó ní: «Tàńtí, èyí kò ṣòro rárá, ọ̀rọ̀ wa ni.» Mo ti ka ìwé àwọn ọ̀dọ́ púpọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kò sí ọ̀kankan nínú wọn tí ó tíì jẹ́ kí ó rí ara rẹ̀ bí onílé.

Òun náà ni ó bi mí, lẹ́yìn tí Zélie ti sọ bí wọ́n ṣe pa ìyá rẹ̀, bóyá bẹ́ẹ̀ ni ó rí ní ọdún 1886 nígbà tí ogun Dàhòmì kó Kétu. Mo sọ ohun tí ìyá ìyá mi sọ fún mi, a kò sì kàwé mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Òǹkọ̀wé náà kò bu omi la ìbànújẹ́ nítorí pé ọmọdé ni yóò kà á, mo sì gbà pé ó tọ̀nà. Nínú ọ̀rọ̀ tí ó kọ sí ìparí, ó sọ pé ikú àwọn aláwọ̀ dúdú tí kò mú ohun ìjà dání, tí àwọn ọlọ́pàá ń pa ní Amẹ́ríkà, wà lára ohun tí ó mú òun kọ ìwé náà.

Orúkọ àwọn òrìṣà kọ́kọ́ bí mi nínú. Oxosi ni ó kọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, Ochumare ni ó kọ Òṣùmàrè. Ṣùgbọ́n Salvador ní Brasil ni Adeyemi ti pàdé àwòrán àwọn òrìṣà tí ó fún un ní èrò ìtàn yìí, ní Brasil yẹn kan náà sì ni wọ́n ti ń pe Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ní ọba Kétu títí di òní, nítorí àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú kọjá òkun. Inú tí ó bí mi rọ̀ nígbà tí mo rò ó dé ibẹ̀. Ohun tí n kò lè gbà ni ti àwọn ìlú. Ìlọrin di abúlé apẹja tí ó léfòó lójú omi, bí Ganvié, abúlé orí omi tiwa ní Benin! Ọmọ tí kò bá mọ ilẹ̀ Yorùbá yóò gbà á bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà kò fi Ìlọrin gidi hàn án níbì kankan.

Ìfẹ́ tí ó wà láàárín Zélie àti Inan ni ó sì burú jù nínú iṣẹ́ náà. Àwọn ọmọ ogun Inan ni wọ́n dáná sun abúlé ọmọbìnrin yìí. Kí ọkàn rẹ̀ tó yí padà sí i, ó yẹ kí á rí ìjà inú tí ó gùn, kì í ṣe ojú ewé díẹ̀. Ìwé tí ó lé ní ojú ewé 500 ní àyè fún un.

Kí òbí mọ̀ pé wọ́n dá Zélie lóró nínú ìwé náà, tí wọ́n sì fi ọ̀bẹ kọ ọ̀rọ̀ èébú sí i lẹ́yìn. N kò ní í fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14, mo sì fẹ́ kí àgbàlagbà kan wà nítòsí nígbà tí ó bá ń kà á. Apá kejì jáde ní ọdún 2019, ẹ̀kẹta ní 2024. Ọmọ ilé wa ti bẹ̀rẹ̀ apá kejì, pẹ́ńsù ló ń mú dání báyìí, níbi gbogbo tí ó bá sì ti rí Oxosi, a kọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀ pátápátá.