Kílórínì Lẹ́búlẹ́bú fún Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́: Ó Dára, Ṣùgbọ́n Ẹ Kọ́kọ́ Dán Omi Yín Wò

Kílórínì lẹ́búlẹ́bú inú bókẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n kọ 65% tàbí 70% sí lára, ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, nítorí òun ni mò ń lò sí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ilé àlejò tí mò ń bójú tó ní Adó-Èkìtì. Calcium hypochlorite ni orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn onímọ̀ kẹ́míkà. Ọjà gidi ni, mo sì fara mọ́ ọn ju kílórínì oníhóró lọ, ṣùgbọ́n owó ẹni tó bá rà á láìra ohun èlò ìdánwò omi mọ́ ọn yóò kàn wọmi lọ ni.

Agbára rẹ̀ kò kéré rárá. Adágún tiwa gba nǹkan bí 50,000 lítà. Bí a bá fẹ́ fi mílígíráàmù 2 kílórínì kún lítà omi kọ̀ọ̀kan, 100 gíráàmù kílórínì la nílò. Bí lẹ́búlẹ́bú náà bá sì jẹ́ 65%, nǹkan bí 154 gíráàmù la ó wọ̀n. Ohun tí òṣùwọ̀n kékeré inú ilé ìdáná lè wọ̀n nìyẹn, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi agolo mílíìkì bù láìwo iye rẹ̀. Mílígíráàmù 1 sí 3 nínú lítà kan ló yẹ kí ó máa wà nínú omi tí àwọn ènìyàn ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá kù sí ọwọ́ pH, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe sún mọ́ ásíìdì tó. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ adágún kì í yà sí. Kì í ṣe gbogbo kílórínì tí a dà sínú omi ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí pH omi bá wà ní 7.5, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ló wà ní ipò tó lè tètè pa kòkòrò àrùn. Bí pH bá gòkè dé 8, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdámẹ́rin lọ. Ìyókù wà nínú omi lóòótọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kò yá. Lẹ́búlẹ́bú yìí fúnra rẹ̀ sì máa ń ti pH sókè díẹ̀díẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń dà á lójoojúmọ́ láìwo pH ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ dín agbára ohun tó fi owó rà kù. Láàárín 7.2 sí 7.8 ló yẹ kí a tọ́jú rẹ̀ sí: bí ó bá ga, ásíìdì ni a ń fi fà á wálẹ̀, bí ó bá lọ sílẹ̀, soda ash ni a ń fi gbé e.

Ìdánwò náà kò le. Mo máa ń ki ọwọ́ bọ omi dé ìgúnpá kí n tó bù ú, nítorí omi ojú adágún kò lè sọ bí ti ìsàlẹ̀ ṣe rí. Bí mo bá kán oògùn pupa tó bá ohun èlò ìdánwò wá sínú ìgò kékeré àkọ́kọ́, tí omi rẹ̀ di yẹ́lò, pH ti lọ sílẹ̀. Bí ó bá pọ́n bí ọsàn tó ti ń pọ́n, ó wà níbi tí a fẹ́. Bí ó bá pọ́n dé àwọ̀ elése àlùkò, ó ti ga jù. Nínú ìgò kejì, hóró DPD (oògùn tí a fi ń dán kílórínì wò) kan yóò sọ omi di pupa fẹ́ẹ́rẹ́ bí kílórínì bá wà níbẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí o: kílórínì tó pọ̀ kọjá ààlà lè bó àwọ̀ yẹn kúrò, kí ènìyàn sì rò pé kò sí rárá.

Àwọn oníbàárà máa ń sọ pé, “Ọ̀gá, kẹ́míkà yín ti pọ̀ jù, ó ń ta wá lójú.” Lọ́pọ̀ ìgbà, òdìkejì ló rí. Òórùn líle yẹn ń jáde nígbà tí kílórínì bá pàdé òógùn àti ìtọ̀ (àwọn ọmọdé nìkan kọ́ ló ń tọ̀ sínú omi), ojútùú rẹ̀ sì ni kí a da èyí tó pọ̀ sí i lálẹ́, kí a má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé títí ìdánwò yóò fi fi hàn pé ó ti sọ̀ kalẹ̀.

Àléébù rẹ̀ tó hàn jù lábẹ́ oòrùn wa ni pé kò ní ààbò kankan. Oòrùn ọ̀sán lè run ìdajì rẹ̀ kí wákàtí kan tó pé. Ìrọ̀lẹ́ ni kí a máa dà á, lẹ́yìn tí àwọn èrò bá ti lọ, kí ẹ̀rọ sì máa yí omi náà ká. Bí kò bá sí iná ìjọba, jẹnẹrétọ̀ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, nítorí kẹ́míkà kì í fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn yí adágún ká. Kílórínì oníhóró ní cyanuric acid nínú, èyí tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi fẹ́ràn rẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ààbò náà kì í lọ. Ó ń pọ̀ sí i bí a ṣe ń fi hóró kún hóró, títí kílórínì yóò fi di ọ̀lẹ, a ó sì ní láti da omi nù kí a tó lè dín in kù. Ní Ìkógòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn pàdé fúnra wọn láìdúró. Àwa tí a ń fa omi láti inú kànga ẹ̀rọ tí a gbẹ́ sínú àpáta, tó sì máa ń fà sẹ́yìn lásìkò ọyẹ́, kò lè máa da omi nù bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ra cyanuric acid lọ́tọ̀, mo sì ń dá a dúró sí nǹkan bí mílígíráàmù 30 nínú lítà kan. Ẹ má ṣe da lẹ́búlẹ́bú àti oníhóró pọ̀ sínú ohun èlò kan náà láé. Iná lè sọ níbẹ̀.

Bí irin bá wà nínú omi kànga yín, omi lè di àwọ̀ ìdọ̀tí bí kílórínì bá kàn án. Kì í ṣe pé ọjà náà bàjẹ́. Asẹ́ oníyanrìn ni yóò gbà á. Ní ti álọ́ọ̀mù tí àwọn kan ń fi ṣe gbogbo iṣẹ́, ó ń mú kí ìdọ̀tí rọ̀ sílẹ̀ kí omi sì mọ́ lójú, ṣùgbọ́n kò lè rọ́pò kílórínì, ó sì ń fa pH wálẹ̀.

Èyí tí wọ́n tú sínú ọ̀rá dúdú lọ́jà kò yẹ ní rírà, nítorí ooru àti ọ̀rinrin ń jẹ agbára rẹ̀, kò sì sí àkọlé tí yóò sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ bù sínú bókẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tó da lẹ́búlẹ́bú sí i, ẹ má ṣe yí i padà. Ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ sínú yàrá kan náà pẹ̀lú ásíìdì tàbí kẹ́ẹ̀gì epo jẹnẹrétọ̀: gáàsì olóró ló ń ti ti àkọ́kọ́ wá, iná ló ń ti ti èkejì. Bókẹ́ẹ̀tì ńlá ń dín owó kílò kọ̀ọ̀kan kù, ṣùgbọ́n ní 154 gíráàmù lóòjọ́, kílò 10 yóò lò tó oṣù méjì fún adágún bíi tiwa, ìyẹn sì ni mò ń rà.