Amí tí kò lè purọ́: ohun tí mo rí nínú Traitor to the Throne

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ka ìwé yìí. Nígbà àkọ́kọ́, eré ni mo ń sá tẹ̀lé ìtàn, mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó máa kú àti ẹni tó máa yè. Ìgbà kejì ni mo tó rí iṣẹ́ tí òǹkọ̀wé ṣe. Mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, mo wá ráyè wo bí ó ṣe ń ṣa ọ̀rọ̀ sí ẹnu ọmọbìnrin tó ń sọ ìtàn náà. Gbogbo èèyàn kọ́ ló fẹ́ràn rẹ̀ o. Àbúrò mi obìnrin, tó kà á ṣáájú mi, ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á tì ní ìdajì. Ọ̀rẹ́ mi kan ní òun ló dùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ mi ni mo wà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Fún ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n, Alwyn Hamilton ló kọ ọ́. Ìwé kìíní, Rebel of the Sands, jáde ní 2016, èyí tẹ̀ lé e ní 2017, Hero at the Fall tó kásẹ̀ ìtàn náà nílẹ̀ sì jáde ní 2018. Torí àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ṣe kọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ àwọn àgbà tí wọ́n kà á mọ́jú. Ilẹ̀ aṣálẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Miraji ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, ibi tí ìbọn àti àlìjọ̀nnú ti jọ wà. Amani ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn. Ọmọbìnrin tí ọta ìbọn rẹ̀ kì í tàsé ni. Nínú ìwé kìíní, ó sá kúrò nílùú kékeré tí wọ́n bí i sí, ó dara pọ̀ mọ́ àwọn ọlọ̀tẹ̀ tó fẹ́ gba ìtẹ́ lọ́wọ́ Sultan fún Ahmed, ọmọ Sultan náà, ibẹ̀ ló sì ti mọ̀ pé àlìjọ̀nnú ló bí òun. Demdji ni wọ́n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Agbára tirẹ̀ ni pé bó bá pàṣẹ fún yanrìn, yanrìn á gbọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn Demdji ní àbùkù méjì. Tí irin bá kan ara wọn, agbára wọn á dákẹ́ lójú ẹsẹ̀. Èkejì ni pé wọn kò lè purọ́. Kì í ṣe pé ẹnì kan kà á léèwọ̀ fún wọn, ẹnu wọn ni kò gbà á. Ohun tí kò bá jẹ́ òótọ́ kò ní jáde, bó ti wù kí wọ́n gbìyànjú tó.

Ẹ wá fojú inú wo irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó di amí láàfin ọba tó ń bá jà. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ìwé yìí nìyẹn, n ò ní fi pamọ́. Mo ti ka ìtàn amí lóríṣiríṣi, irọ́ ni ohun èlò iṣẹ́ gbogbo wọn: orúkọ irọ́, ìlú irọ́, ìyá irọ́. Hamilton mú irọ́ kúrò lọ́wọ́ amí tirẹ̀, ó ní kó máa ṣiṣẹ́ lọ bẹ́ẹ̀.

Bó ṣe débẹ̀ kò pẹ́ rárá. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ wọ ìlú Saramotai lọ yọ èèyàn wọn, ìjà bẹ́ sílẹ̀, kò sì pẹ́ lẹ́yìn náà tí ẹnì kan tí Amani kò fura sí fi fún un ní oògùn oorun, ó tà á. Ìgbà tó máa lajú, ààfin ló bá ara rẹ̀. Wọ́n ti ki irin wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ bọ abẹ́ awọ ara rẹ̀, wọ́n rán an pa. Ibẹ̀ yẹn, ibi tó ti ń fi ìka wá irin náà kiri lára rẹ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń gbọ́ bí ó ṣe le lábẹ́ awọ, ara mi bù máṣọ. Kò tán síbẹ̀. Wọ́n tún ṣe é débi pé ohunkóhun tí Sultan bá pa láṣẹ fún un, ara rẹ̀ á ṣe é, ọkàn rẹ̀ fẹ́ o, ó kọ̀ o. Wọ́n wá jù ú sáàárín àwọn olorì.

Ohun kan ṣoṣo ló kù fún un: Sultan mọ̀ pé Demdji ni, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé òun ni akíkanjú tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn káàkiri aṣálẹ̀. Ẹni tó ń wá kiri ló wà nínú ilé rẹ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Ẹ wo bí èyí ṣe rí nínú kíkà. Bí ọba bá bi í léèrè tààrà pé, “Ṣé ọ̀kan lára wọn ni ọ́?” ọ̀rọ̀ ti bù ṣe nìyẹn. Kò lè sẹ́. Nítorí náà, kí ìbéèrè yẹn má wáyé ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní láti fún ọba ní òótọ́ mìíràn kó tó wá èyí tó léwu. Ká ní wọ́n bi í pé ta ló rán an wá, ó lè ní, “Wọ́n tà mí ni.” Bẹ́ẹ̀ ni lóòótọ́, wọ́n tà á, ẹnikẹ́ni ò sì rán an. Àpẹẹrẹ tèmi nìyẹn o, mi ò kọ ọ́ láti inú ìwé, ṣùgbọ́n irú ìdáhùn tí ẹ ó máa bá pàdé nìyẹn. Ìgbà tí mo kà á lẹ́ẹ̀kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi pẹ́ńsù sàmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ibi tó ti dá ọba lóhùn. Mo rí i pé gbólóhùn rẹ̀ máa ń kúrú níbi tí ewu bá pọ̀, bí ọkàn rẹ̀ bá sì balẹ̀, á gùn. Mi ò rí ìyẹn nígbà àkọ́kọ́ rárá, ìdùnnú ńlá ló jẹ́ fún mi.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wá gún mi lọ́kàn ni ọ̀dọ̀ Sultan fúnra rẹ̀. Òǹkọ̀wé mìíràn ì bá fi í ṣe òǹrorò tó ń pariwo. Ọwọ́ ọkùnrin yìí kò mọ́, ó dáàbò bo ara rẹ̀ lẹ́yìn àwọn ọmọ ogun àjèjì, àwọn Gallan, ó sì gba orí òkú bàbá rẹ̀ dé orí ìtẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá jókòó ti Amani, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi ń sọ̀rọ̀. Ó ń ṣàlàyé fún un bí àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ṣe yí Miraji ká bí ìkookò, tó jẹ́ pé ọba tó bá kàn jẹ́ èèyàn rere lásán, wọn á jẹ ilẹ̀ náà mọ́ ọn lórí. Ó bi í bóyá Ahmed, ọmọ òun tó ń ṣọ̀tẹ̀, lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Amani kò rí èsì fọ̀. Kò sì lè fi irọ́ dáàbò bo ara rẹ̀, kódà fún ara rẹ̀.

Mo pa ìwé dé níbẹ̀. Inú mi ò dùn, torí mo rí i pé èmi náà ti ń gbà á gbọ́. Ọ̀tẹ̀ tí mo ti ń tì lẹ́yìn látinú ìwé kìíní, ṣé mo tilẹ̀ ti bi ara mi rí bóyá ọmọkùnrin tí wọ́n ń jà fún mọ ìlú í ṣe? Ìwé tó bá lè mú kí n ronú bẹ́ẹ̀ nípa àwọn tí mo fẹ́ràn, mo bọ̀wọ̀ fún un.

Lára àwọn tó kù, Sam wù mí púpọ̀. Àjèjì tó lè gba inú ògiri kọjá ni, orúkọ ìnagijẹ Amani ló sì ti ń lò káàkiri ìlú kí wọ́n tó pàdé. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ jáde láàfin fún àwọn ọlọ̀tẹ̀, ó sì ń mú ẹ̀rín wá síbi tí ẹ̀rín ti ṣọ̀wọ́n. Shira ńkọ́? Mọ̀lẹ́bí Amani tó fojú rẹ̀ rí màbo nígbà tí wọ́n wà nílé, òun náà wà láàfin báyìí, ó ti lóyún. Wọn kò di ọ̀rẹ́. Wọ́n kàn ń bára wọn ṣòwò àṣírí: ṣe èyí fún mi, kí n ṣe tọ̀hún fún ọ. Síbẹ̀, ohun kan ń hù láàárín wọn tí mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é. N ò ní sọ bí tirẹ̀ ṣe parí. Lẹ́ẹ̀kejì tí mo dé ojú ìwé yẹn, mo dúró díẹ̀ kí n tó ṣí i.

Ẹjọ́ tí àbúrò mi rò náà nítumọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sọ fún mi, Jin dà?” Jin ni ọmọkùnrin tí òun àti Amani fẹ́ràn ara wọn látinú ìwé kìíní, ọmọ bàbá Ahmed ni. Àárín wọn ti dàrú nígbà tí ìwé yìí bẹ̀rẹ̀, bí Amani bá sì ti wọ ààfin tán, ọ̀pọ̀ ojú ìwé la máa kà láìrí ìrù Jin. Bó bá jẹ́ ìfẹ́ ni ẹ tìtorí rẹ̀ ra ìwé kejì, ẹ̀ẹ́ bínú. Èmi kò bínú, torí pé kí Amani dá wà níbẹ̀ ló jẹ́ ká mọ irú ẹni tó jẹ́.

Wọ́n tún máa ń ní àárín rẹ̀ falẹ̀. Ó lé ní ojú ìwé 500, apá tó pọ̀ jù sì wà nínú ògiri ààfin, kò sí ìbọn, kò sí ẹṣin, kò sí ìjì yanrìn. Èrò mi ni pé iṣẹ́ amí gan-an nìyẹn: kéèyàn jókòó, kó dúró, kó máa gbọ́. Ìfalẹ̀ yẹn ló jẹ́ kí n máa fura sí gbogbo ilẹ̀kùn. Ohun tí mo gbà pé ó pọ̀ jù ni ìyọnu tí àwọn ìyàwó àrẹ̀mọ ọba ń fún Amani. Lẹ́ẹ̀kan, a ti gbọ́. Lẹ́ẹ̀kẹta, mo ń fojú fo ìlà.

Orúkọ pọ̀ nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Bébà kékeré ni mo kọ wọ́n sí, mo fi há àárín ìwé: àwọn Demdji lápá kan, àwọn ará ààfin lápá kejì. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé yìí láìka èyí tó ṣáájú, ẹ̀ẹ́ sọnù. Ahmed fúnra rẹ̀ ni àléébù tó dùn mí jù. Gbogbo èèyàn ló ṣetán láti kú fún un, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn la ti ń wò ó. Bàbá tó jẹ́ ọ̀tá wá mọ́ wa lójú ju ọmọ tó jẹ́ ọ̀rẹ́ lọ.

Ní ti ọ̀dàlẹ̀ tí àkọlé ń tọ́ka sí, ẹni tí mo na ìka sí nígbà àkọ́kọ́ kọ́ ni. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Ìgbà tí mo padà kà á, mo rí i pé gbogbo àmì wà nílẹ̀ gbalaja, ìfẹ́ tí Amani ní sí ẹni náà ló bo ojú tèmi náà. Àwọn orí tó gbẹ̀yìn, níbi àjọ̀dún ọba, sáré tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé pé ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ rí i pé ìwé kẹta wà nítòsí kẹ́ ẹ tó débẹ̀.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá tàbí mẹ́rìnlá lè kà á, ṣùgbọ́n ikú wà nínú rẹ̀, àwọn obìnrin tí wọ́n fi tipátipá wọ ilé ọkọ sì wà nínú rẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ahmed ló gba ọ̀kan yòókù lọ́wọ́ rẹ̀.

Àbúrò mi ti tún wá gbà á lọ́wọ́ mi báyìí, àmì pẹ́ńsù mi ṣì wà nínú rẹ̀. Mo ní kó fi Jin sílẹ̀ ná, kó máa ṣọ́ ẹnu Amani.