AEM X-Series 30-0300: gésì tó ń sọ bí epo àti afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó nínú ẹ́ńjìnnì

Ẹni tó ń tún kábúrétọ̀ ṣe, tó wá gbára lé sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn kékeré tí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń bá wá, àbọ̀ ọ̀rọ̀ ló ń gbọ́. Epo pọ̀, epo kò tó: kò mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fóltì rẹ̀ á kàn máa fò láàárín nǹkan bíi 0.1 sí 0.9, á sì yí padà fìrì ní 14.7, ìyẹn kílò afẹ́fẹ́ 14.7 sí kílò epo bẹntiróòlù 1. Bóyá 12.5 lẹ wà tàbí 11, kò lè sọ ọ́. Gésì yìí lè sọ ọ́, torí Bosch LSU 4.9 ni sẹ́ńsọ̀ rẹ̀, irú tó ń ka iye gan-an. Láti 8.5 dé 18 ló ń kà.

Ohun tó wù mí jù ni pé kò sí pé à ń tú sẹ́ńsọ̀ síta kó lọ fi afẹ́fẹ́ lásán wọn ara rẹ̀. Ó tún ní wáyà tó ń fi fóltì ránṣẹ́ sí ECU, ìyẹn kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì: ẹ fi 2.375 sọ fóltì náà di púpọ̀, kí ẹ fi 7.3125 kún un, ẹ ó rí iye afẹ́fẹ́ sí epo. Fóltì 2 á jẹ́ 12.06.

Ṣùgbọ́n ibi tí wẹ́dà bá jó ojúhò sẹ́ńsọ̀ mọ́ lára páìpù sàlẹ́ńsà ló máa pinnu bóyá òótọ́ ló ń sọ. Ihò onísíkúrù M18×1.5 ni, lẹ́yìn tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) bí ọkọ̀ bá ní i. Kí ìdí sẹ́ńsọ̀, níbi tí wáyà ti jáde, ga ju orí rẹ̀ tó wà nínú páìpù lọ, ó kéré tán dígírì 10, kí omi má baà dúró síbẹ̀ kó fọ́ amọ̀ gbígbóná inú rẹ̀. Bí páìpù sàlẹ́ńsà bá ń jò ṣáájú sẹ́ńsọ̀, ó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé nìyẹn. Gésì á sọ pé epo kò tó, bẹ́ẹ̀ epo tó. Púlọ́ọ̀gì tí kò jó dáadáa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí afẹ́fẹ́ tí kò jó á gba ibẹ̀ kọjá. Ẹlòmíì á wá gbé jẹ́ẹ̀tì ńlá (ihò tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀) sí i, epo á kún ẹ́ńjìnnì. Gásíkẹ́ẹ̀tì páìpù sàlẹ́ńsà ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, lẹ́yìn náà púlọ́ọ̀gì, kí ẹ tó fọwọ́ kan jẹ́ẹ̀tì.

Bí ẹ bá tẹná dé ìsàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì tí kò ní tọ́bò ń fẹ́ 12.5 sí 13. Lórí ìrìn jẹ́jẹ́, nǹkan bíi 14.7 ti tó.

Sẹ́ńsọ̀ yìí kì í dárí jini. Ẹ má fi í sínú páìpù láìfún un níná nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, èéfín dúdú á dí i. Ẹ má ra tòkúnbọ̀ rẹ̀. Kí rìwáyà má sì gé orí wáyà rẹ̀, ibi tí wọ́n ti ń so ó pọ̀, láéláé: rẹ̀sísítọ̀ tí wọ́n fi wọn sẹ́ńsọ̀ yẹn gan-an wà nínú orí náà.