Géèjì 12 tí wọ́n kọ 6013 sí lára: ó gbé géètì, kò gbé sítáǹdì táńkì

Bẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta irin, tẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ ẹ̀lẹ́kítíródù, ìyẹn ọ̀pá tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀, láìsọ irú èyí tẹ́ ẹ fẹ́, 6013 ni wọ́n máa gbé fún yín, géèjì 12 sì ni lọ́pọ̀ ìgbà. Òun ni wọ́n kọ mílímítà 2.5 sí lára páálí. Ọ̀pá náà dáa. Àmọ́ oríkèé tí wọ́n fi jó ló ń sọ bó ṣe dáa tó.

Ohun tó jẹ́ kí àwọn wẹ́dà fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kì í báni fa wàhálà. Ẹ fi ẹnu rẹ̀ ha irin díẹ̀, iná ti mú. Ó gba ẹ̀rọ ìjórin oníkọ́ìlì tó wúwo, ó gba ínfátà, ìyẹn ẹ̀rọ ìjórin kékeré tó fúyẹ́. Bí ìdàrọ́ rẹ̀, ìyẹn èèpo ọ̀pá tó yọ́ tó wá bo ojú jíjó, bá tutù, á máa gbéra fúnra rẹ̀, òòlù kékeré ti tó o. Áńpù, ìyẹn ìwọ̀n iná tí ẹ̀rọ ń gbé jáde, 55 sí 90 ló ń jẹ. Bí áńpù bá bá a mu, ẹ ó gbọ́ ohùn bíi ti àkàrà nínú epo gbígbóná. Bó bá ń ta pàràpàrà, tí ẹ̀ta iná ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ara irin, ó ṣeé ṣe kí áńpù ti pọ̀ jù tàbí kí ọwọ́ ti jìnnà jù. Àlàfo ẹnu ọ̀pá sí irin kò gbọdọ̀ ju ìnípọn ọ̀pá fúnra rẹ̀ lọ.

Lórí páìpù onígun mẹ́rin tó nípọn tó mílímítà 1.5, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe géètì, géèjì 12 lọ̀gá, yálà irin méjì forí korí ni o tàbí wọ́n pàdé ní igun. Áńpù 55 sí 65 ti tó. Ẹ má fi àlàfo sílẹ̀ rárá. Ibi tí wọ́n gé wọ́gọwọ̀gọ ló sábà máa ń lu. Ẹ tákì igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ jó o ní ẹyọ kékeré kó má bàa sún, ẹ jó ìwọ̀n íǹṣì kan, ẹ gbọ́wọ́ sókè kí pupa rẹ̀ rọlẹ̀, kẹ́ ẹ tó tẹ̀ síwájú. Lórí ínfátà, tẹ́ ẹ bá ki wáyà tó di ọ̀pá mú bọ ojú tí wọ́n kọ àmì ìyọkúrò sí, iná ò ní wọlé púpọ̀ jù.

Bí irin tó forí korí bá ti tó mílímítà 3, ẹ fi àlàfo mílímítà 1.5 sí 2 sílẹ̀. Bó bá tó 6, ẹ fi ẹ̀rọ fáílíǹgì dá etí méjèèjì sí dígírì 30. Ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe èyí. Ojú jíjó á dán, bẹ́ẹ̀ òkè nìkan ló mú. Òòlù kan láti ẹ̀yìn, á ṣí bí ìwé.

Tí irin kan bá gun orí ìkejì, ẹ darí iná sí irin ìsàlẹ̀. Etí irin òkè á yọ́ wá pàdé rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá kọjú sí etí yẹn, iná á jẹ ẹ́ tán.

Ibi tí irin kan dúró lórí ìkejì bíi lẹ́tà T ni 6013 ti ń tan èèyàn. Ìdàrọ́ rẹ̀ pọ̀, ó sì máa ń ṣàn. Bí áńpù bá kéré, tàbí tẹ́ ẹ bá ń ti ọ̀pá síwájú dípò kẹ́ ẹ máa fà á, ìdàrọ́ á sáré ṣáájú iná wọ kọ̀rọ̀ igun náà, irin yíyọ́ á sì bò ó mọ́lẹ̀. Lókè, ó lẹ́wà. Ẹ dán an wò: ẹ jó ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo lórí irin mílímítà 6, sẹ̀ǹtímítà 10 ní gígùn, ẹ fi fáìsì dì í mú, ẹ fi òòlù lu irin tó dúró síhà ibi tẹ́ ẹ jó títí á fi já. Ìlà dúdú tẹ́ ẹ bá rí ní ìdí ibẹ̀, ìdàrọ́ ni. Ọ̀nà àbáyọ ni kẹ́ ẹ gbé áńpù sí 85 tàbí 90, kẹ́ ẹ fi ọ̀pá sí dígírì 45 láàárín irin méjèèjì, kẹ́ ẹ dà á sẹ́yìn bíi dígírì 15, kẹ́ ẹ sì máa fà á bọ̀ láìju ọwọ́ ṣíhìn-ín sọ́hùn-ún. Lórí irin tó nípọn báyìí, géèjì 10, tó nípọn ju géèjì 12 lọ, ní áńpù 110 sí 125 tiẹ̀ sàn jù. Ẹ tákì ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kẹ́ ẹ tó jó o, torí ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ jó ló máa fa irin náà mọ́ra.

Fún ẹsẹ̀ sítáǹdì táńkì, ẹ fi 6013 sílẹ̀. Omi lítà 1,000, tọ́ọ̀nù kan ni. 7018, irú ẹ̀lẹ́kítíródù mìíràn, ló yẹ ibẹ̀, òun náà sì ní ìyọnu tiẹ̀: ó máa ń lẹ̀, ìtanná rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì ṣòro, ojú àmì ìròpọ̀ lára ínfátà ló fẹ́, kọ́ìlì tí agbára rẹ̀ kéré kì í fẹ́ gbé e. Páálí rẹ̀ tó bá ṣí sílẹ̀ ní àsìkò òjò á fa ọ̀rinrin, ojú jíjó á sì lè sán lẹ́yìn tó bá ti tutù. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí páálí, inú ẹ̀rọ amúgbóná ní dígírì Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì 120 sí 150 ni kẹ́ ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí kó má bàa fa ọ̀rinrin.

Kẹ́ ẹ tó sanwó fún 6013, ẹ yọ ọ̀pá kan, ẹ wo ẹnu rẹ̀. Wáyà inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín gbùngbùn èèpo tó bò ó. Bó bá sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, iná á máa ya síbẹ̀, èèpo ẹ̀gbẹ́ kejì á yọ síta bí èékánná. Bó bá ti dípẹtà, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó ẹ̀.