Oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń lo òróró tea tree: ohun tó ṣe fún ẹsẹ̀ mi, àti ohun tó ṣe sí ojú mi

Aláró ni mí ní Ìtòkú, l'Ábẹ́òkúta níbí. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ àdìrẹ mọ̀ pé inú omi la ti ń jẹun. Tá a bá po aró, tá a rẹ aṣọ, tá a fún un, bàtà rọ́bà ò kúrò lẹ́sẹ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ó funfun, ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tí omi wọ̀, tó bá di òru, màá máa fi ẹsẹ̀ ha etí bẹ́ẹ̀dì. Mo lo ewé asunwọ̀n, mo gún un mọ́ ọṣẹ dúdú. Ó ń dá a dúró, àmọ́ kì í pẹ́ tó fi ń padà.

Àbúrò mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ní kí n dán òróró tea tree wò. Mo rò pé ewé tíì tá à ń mu láàárọ̀ ló ń wí. Kì í ṣe òun rárá. Igi mìíràn ni, Melaleuca alternifolia lorúkọ rẹ̀, Ọsirélíà ló ti ń hù. Ọjọ́ pẹ́ tí àwọn Bundjalung, ọmọ onílẹ̀ ibẹ̀, ti ń fi ewé rẹ̀ wo egbò. Nígbà tí mo ṣí ìgò náà, ńṣe ló dà bíi pé èèyàn ra efinrin mọ́ Robb lọ́wọ́.

Kí n tó sọ ti ẹsẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ojú, torí ibẹ̀ ni mo ti jìyà. Irorẹ́ ńlá kan yọ sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́, mo bá kán òróró náà lé e bẹ́ẹ̀, mi ò pò ó mọ́ nǹkan kan. Ilẹ̀ mọ́, ojú ibẹ̀ ti pọ́n, ó ń ta mí bí ata. Ọjọ́ kẹta, awọ ibẹ̀ ṣí. Àbúrò mi figbe ta: "Ẹ̀gbọ́n mi, wọn kì í fi í pa ojú láìpò ó!" Òun ló kọ́ mi pé kí n kán ẹ̀kán márùn-ún sínú ṣíbí tíì kan òróró àgbọn, kí n kọ́kọ́ fi díẹ̀ pa abẹ́ apá, kí n fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ibẹ̀ ò bá yún, tí kò pọ́n, mo lè lò ó nìyẹn.

Láti ìgbà yẹn, alaalẹ́ ni mo ń fọ ẹsẹ̀, tí mo ń fi aṣọ gbẹ́ àárín ìka kọ̀ọ̀kan dáadáa, kí n tó fi àpòpọ̀ yẹn pa á. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí yíyún náà fi rọlẹ̀, òórùn burúkú inú bàtà náà sì lọ. Ṣùgbọ́n bíbó yẹn kò tán. Kírímù clotrimazole, oògùn tó ń pa àrùn olú ara, tí mo fi kún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló wá parí rẹ̀. Mo ń sọ èyí torí àwọn tó ń polówó rẹ̀ ní mọ́tò pé kò sí àrùn ara tí kò lè wò.

Ti ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún 16, yàtọ̀. Irorẹ́ bò ó níwájú orí. Òróró àgbọn ò bá ojú rẹ̀ mu, ńṣe ló ń dí ihò ara rẹ̀, la bá ra jẹ́ẹ̀lì tí tea tree inú rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú 100. Wọ́n ti fi irú jẹ́ẹ̀lì yìí wé benzoyl peroxide, oògùn irorẹ́ mìíràn, ní Ọsirélíà lọ́dún 1990, lára èèyàn 124. Méjèèjì ló dín irorẹ́ kù. Tea tree ò yá tó èkejì, àmọ́ kì í gbẹ ojú tó o. Bó ṣe rí fọ́mọ mi nìyẹn. Oṣù kan kọjá, ó ní, "Mọ́mì, kò ṣiṣẹ́." Oṣù kẹta ló tó rẹ́rìn-ín níwájú dígí.

Ìyá ọkọ mi fẹ́ kán an sínú omi gbígbóná mu nítorí ikọ́. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹnu kàn án." Májèlé ni tó bá wọ inú. Ó lè mú kí orí ẹni dàrú, kí èèyàn má lè dúró, ó sì lè mú kí ọmọdé dákú lọ. Ẹ gbé e síbi tọ́wọ́ ọmọ ò tó. Tẹ́ ẹ bá ń sin ológbò tàbí ajá, ẹ má fi pa wọ́n lára.

Ẹ ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ń rọ sínú ike. Mo ra irú rẹ̀ kan lẹ́bàá títì, mo kán an sórí bébà funfun, ilẹ̀ mọ́, àmì ọ̀rá ṣì wà níbẹ̀ rekete. Wọ́n ti fi òróró mìíràn lú u. Ojúlówó máa ń fẹ́ lọ ni. Inú ìgò dúdú ni kó wà, kí orúkọ igi náà sì wà lára rẹ̀.

Ìgò àkọ́kọ́ mi, ojú fèrèsé ni mo gbé e sí, níbi tí oòrùn ti ń pa á. Nígbà tó di oṣù karùn-ún, àpòpọ̀ tí kì í ṣe mí ní nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ ló ń bà á jẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo dà á nù. Ti ìsinsìnyí wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ọjọ́ tí mo ṣí i sì wà lára rẹ̀ tí mo fi bírò kọ.