Kọ́ọ̀sì òṣèlú káńsù tí mo ṣe l'Ékòó: tíṣà dáa, ọ́fíìsì ló bà á jẹ́

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Kọ́ọ̀sì ìrọ̀lẹ́ ni, lórí òṣèlú ìjọba ìbílẹ̀ àti bí owó ṣe ń rìn nínú ìlú, mi ò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà. Wọ́n ní ká san owó bọ́ọ̀sì tó máa gbé wa lọ ọjà, mo kà á fún akọ̀wé wọn, mo ní "ẹ jọ̀ọ́ mà, rìsíìtì mi ńkọ́?" Ó ní ṣé mi ò fọkàn tán òun ni. Mo ní rárá mà, owó ni mo san. Ó ní kí n padà wá lọ́la, ọ̀la dé, ó ní ọ̀gá ló mú ìwé rìsíìtì lọ, mo bá ọ̀gá, ọ̀gá ní kí n lọ bá akọ̀wé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tì mí síwá sẹ́yìn títí kọ́ọ̀sì fi parí. Àwọn tó ń kọ́ wa pé ká máa bi káńsù léèrè ibi tí owó ọjà ń wọ̀! Ó dùn mí gan-an.

Àmọ́ tíṣà yẹn, háà. Ó pe ìyá alátà kan wá sí kíláàsì, màámá tú báàgì tíkẹ́ẹ̀tì wọn sórí tábìlì, ti káńsù, ti ẹgbẹ́ ọjà, àwọn kan ò tiẹ̀ ní orúkọ kankan lára. Tíṣà ní ká ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ló bá ṣí ìwé òfin 1999, àfikún kẹrin: ọjà, gáréèjì, pàǹtí, ìtẹ́ òkú, iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló yé mi ìdí tí wọ́n fi ń para wọn lórí ipò alága káńsù. Ó ṣàlàyé bí Èkó ṣe fi káńsù 37 kún 20 tó wà, tí Ọbásanjọ́ fi di owó wọn mú, tí ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ ní 2004 pé Ààrẹ ò lágbára àtidi owó mú, ṣùgbọ́n káńsù tuntun náà ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi tí ilé aṣòfin Àbújá bá fọwọ́ sí i. Màámá bi í pé ìdájọ́ 2024 tó ní kí owó máa lọ sí káńsù tààrà ńkọ́, ṣé gọ́tà iwájú ìsọ̀ àwọn á rí níbẹ̀? Tíṣà ní ìdájọ́ yẹn ò fàyè gba alága tí gómìnà kàn yàn síbẹ̀, alága tí ẹ dìbò fún nìkan ni, torí náà ẹ lọ sí ìpàdé wọọdù yín.

Tí ẹ bá ń tajà tàbí ẹ ń wa dáńfó, ẹ lọ gbọ́ tíṣà yẹn. Ìràwọ̀ 2 nínú 5.