Snare onírin fún rọ́ọ̀kì: ọdún kan àbọ̀ pẹ̀lú Pearl Sensitone tokunbo mi

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbé snare onígi (snare ni ìlù pẹlẹbẹ tí wọ́n na wáyà sábẹ́ awọ ìsàlẹ̀ rẹ̀) tí mò ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ síbi ìfidánrawò ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì wa ní Súrùlérè, gìtá méjèèjì gbé e mì. Mo lù ú títí apá fi ń ro mí. Ọmọkùnrin tó ń ta gìtá báàsì fún wa yíjú sí mi láàárín orin, ó pariwo pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ ti sinmi ni?" Mi ò sinmi o. Kò gbọ́ mi ni, èmi náà ò sì kúkú gbọ́ ara mi.

Snare yẹn ò burú. Lábẹ́ orin ìyìn, ó ń bá àkúbà àti gángan rìn pẹ̀lú sùúrù. Àmọ́ gìtá tí wọ́n bá ti fi distortion bò, ìyẹn ohùn tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú kó máa ha, máa ń gba gbogbo àyè tán, kí snare tó lè yọrí láàárín rẹ̀, ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ mú, kó máa ta wọ etí bí ẹgba. Irin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé èèyàn ń pa ara rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń rò pé rọ́ọ̀kì kì í ṣe tiwa, kó lọ wá orin ẹgbẹ́ BLO tí wọ́n dá sílẹ̀ l'Ékòó ní 1972, kó fetí sí ìlù Laolu Akins.

₦250,000 ni gbogbo owó tí mo rí kó jọ, inú rẹ̀ náà ni awọ tuntun ti máa jáde.

Ohun tó kọ́kọ́ dà mí lọ́kàn rú ni irú irin tí mo máa rà. Àwọn tó ti ń lu ìlù ṣáájú mi ní idẹ ni kí n wá, pé ohùn wà lára idẹ. Wọn ò parọ́. Idẹ máa ń dún kún, Ludwig Black Beauty tí gbogbo onílù ń fi ṣàlá, idẹ ni. Ohùn bàbà tún rọ̀ jù ú lọ. Alumíníọ̀mù gbẹ, kì í pẹ́ dákẹ́. Irin lásán, tí a ń pè ní sítíìlì, lohùn rẹ̀ mú jù, ìró rẹ̀ sì máa ń pẹ́ kó tó tán. Òun náà ló dínwó jù. Ṣùgbọ́n èyí tó yà mí lẹ́nu ni ti Ludwig Supraphonic LM402 tí John Bonham lù nínú ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Led Zeppelin, ìlù tí àwọn èèyàn ṣì fi ń díwọ̀n snare rọ́ọ̀kì títí dòní. Alumíníọ̀mù ni. Chrome tí wọ́n fi bò ó lára ló ń jẹ́ kí èèyàn pè é ní sítíìlì. Látìgbà tí mo ti mọ ìyẹn ni mi ò ti dá ẹni tó bá ní láìsí idẹ kò sí rọ́ọ̀kì lóhùn mọ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tí mo wọ̀, ọmọ tó ń tajà gbé snare kan tó ń dán yanran síwájú mi. "Ẹ̀gbọ́n, brass nìyí o. Original! Ẹ má jẹ́ kó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́." Owó idẹ náà ló sì pè. Mo ní mágínẹ́ẹ̀tì kékeré kan lápò, mo yọ ọ́ lára sípíkà tó ti bàjẹ́. Mo fi kan ẹ̀gbẹ́ ìlù náà, ó lẹ̀ mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Mo fà á, kò fẹ́ tú. Ọmọ náà wo mágínẹ́ẹ̀tì, ó wo ojú mi, ló bá bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n, àṣé ẹ ti mọ̀ ọ́n." Mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa idẹ, kì í fa bàbà, kì í fa alumíníọ̀mù. Kò sóhun tó ṣe é pé ó jẹ́ sítíìlì, sítíìlì náà ni mo padà rà. Owó idẹ tó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi lórí rẹ̀ ni mi ò gbà.

Ọ̀gá onílù kan tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti kó lọ sí Kánádà ló wá ta tèmi fún mi: Pearl Sensitone, sítíìlì, fífẹ̀ rẹ̀ ínǹṣì 14, jíjìn rẹ̀ ínǹṣì 6.5, lug (ibi tí bóòtù tó ń fa awọ ń wọ̀) mẹ́wàá. A dúnàá-dúrà títí ìyàwó rẹ̀ fi bá mi bẹ̀ ẹ́, ó gba ₦190,000.

Kí n tó sanwó, mo ní kó jẹ́ kí n tú awọ méjèèjì. Kò kọ́kọ́ fẹ́, ó ní ṣé mi ò fọkàn tán òun ni. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ má bínú, ojú mi ló fẹ́ rí i." Mo dojú ìlù náà dé orí tábìlì onígíláàsì tó wà ní pálọ̀ wọn, a pa iná, mo tan tọ́ọ̀ṣì fóònù mi sínú rẹ̀. Bí etí ìlù bá tẹ́jú dáadáa, ìmọ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ yọ lábẹ́ rẹ̀. Etí òkè dára, òkùnkùn biribiri. Mo yí i padà, mo gbé etí ìsàlẹ̀ lé gíláàsì, ni ìmọ́lẹ̀ bá yọ tẹ́ẹ́rẹ́ níbi méjì tó kọjú síra. Àyà mi já. Mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tí mo máa fi yọ ara mi kí n tó rántí pé ibẹ̀ ni wáyà ń gbà kọjá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí etí ìlù wọlé díẹ̀ níbẹ̀ kí wáyà lè sùn mọ́ awọ dáadáa. Ibi méjì yẹn, lábẹ́ strainer (ọwọ́ irin tí a fi ń fa wáyà mọ́ awọ tàbí tú u) àti ní òdìkejì rẹ̀, ẹ má fòyà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ níbòmíràn, ẹ dá ìlù padà fólówó rẹ̀. Ara irin tó bá ti wọ́, kò sí awọ tó lè tún un ṣe.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo fọwọ́ lásán yí bóòtù ogún tó wà lára rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ń ha nígbà tí èèyàn ń fọwọ́ yí i, eyín rẹ̀ ti ń jẹ. Mo ń tan strainer, mo ń tú u, bí ìgbà ogún. Mi ò fojú kékeré wo strainer mọ́. Snare kan tí mo ti yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rí, tí mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, gbogbo ìgbà tí mo bá fi ọ̀pá gbá awọ àti ríìmù, òrùka irin etí rẹ̀, pọ̀, strainer rẹ̀ á já sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni snare á di ìlù lásán tí kò ní wáyà, lójú gbogbo ayé.

Awọ òkè tó bá a wá ti kú, ó ti jìn láàárín bí abọ́. Mo kọ́kọ́ fi awọ Ambassador funfun ti ilé iṣẹ́ Remo sí i, ìpele kan ni, mil 10 (mil kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì). Ó dùn, àmọ́ ọwọ́ mi wúwo, kò pé oṣù kan tó fi jìn. Emperor tó ní ìpele méjì ló wà lórí rẹ̀ báyìí. Lílù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó máa ń wà láàárín ìlù ńlá ò hàn mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n owó awọ dínkù, mo sì fara mọ́ ọn. Ti ìsàlẹ̀ ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Awọ ìsàlẹ̀ snare gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, ti Remo tí mo rà jẹ́ mil 3 péré. Mo ti rí ẹni tó fi awọ tom, ìlù tí kò ní wáyà, sí ìsàlẹ̀ snare rẹ̀, tó wá ń bú wáyà pé kò dún. Wáyà ni saworo snare, awọ tó nípọn ò ní jẹ́ kó mì. Tèmi náà, mo pààrọ̀ wáyà rẹ̀ sí onífọ́nrán ogún tuntun, torí méjì nínú ti àtijọ́ ti yọ jáde, wọ́n ń ha awọ.

Ó wá ku ìró. Ẹni tí kò bá lu sítíìlì rí, ó máa yà á lẹ́nu. Ẹ lù ú lẹ́ẹ̀kan nínú yàrá, ó di kàààn, kò fẹ́ tán. Ọjọ́ tí mo gbé e délé, ìyàwó mi ní ṣé agogo ni mo rà. Àwọn onílù wa ti yanjú ọ̀ràn yìí tipẹ́tipẹ́. Ìda dúdú tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ojú gúdúgúdú àti bàtá, kí ohùn awọ lè wálẹ̀ kó má máa han gooro ni. Ìda tèmi ni tíṣù tí mo ká lẹ́ẹ̀mẹta, tí mo fi téèpù lẹ̀ mọ́ ẹ̀bá ríìmù.

Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé inú yàrá ni mo ti ń ṣe é. Mo lẹ tíṣù títí ìlù fi dún pọ́ bíi páálí, inú mi dùn, mo gbé e lọ sí Súrùlérè. Gìtá tún gbé e mì! Àárín orin kejì ni mo ya tíṣù dànù pẹ̀lú ìbínú, ohùn snare bá jáde gbàgàdà. Ìró tó ń bí mi nínú nílé, gìtá ló ń jẹ ẹ́ níbẹ̀, èyí tó kù ni etí ń gbọ́. Báyìí, tíṣù kékeré kan bí èékánná ni mò ń lẹ̀, nígbà tí a bá fẹ́ gba ohùn sílẹ̀ nìkan. Awọ ìsàlẹ̀ ni mo máa ń mú le ju tòkè lọ, tòkè wà láàárín, kò dẹ̀, kò sì ga jù. Ọmọ báàsì ti wá ń ní kí n rọra.

Mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Táìlì ní ilẹ̀, sìmẹ́ńtì lára ògiri, kò sí nǹkan tó ń mu ohùn. Mọ́mì tó ń darí kúáyà wa dúró lẹ́yìn orin àkọ́kọ́, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìbọn lo gbé wá ni?" Onígi mi ló padà sídìí iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀ṣì kékeré nìkan ló ti ń lù, kó má ra sítíìlì jíjìn bí èyí. Ludwig Acrolite, alumíníọ̀mù onílug mẹ́jọ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àwọn ọmọ tó ń kọ́ ìlù, ìyẹn á bá a mu jù bó bá rí tokunbo rẹ̀. Mo ti lu ti ọ̀rẹ́ mi kan, ó gbọ́ràn. Mo tún ti lu Yamaha Stage Custom sítíìlì, èyí tí kò jìn tó tèmi. Ó yára, ó mọ́ létí, ká ní òun ni mo kọ́kọ́ rí ni, mi ò bá má wá òmíràn. Síbẹ̀, 6.5 yìí ní ikùn tó máa ń mú kí orin tó falẹ̀ wúwo, mo fẹ́ràn ìyẹn.

Lásìkò òjò, tí awọ gángan máa ń dẹ̀ bí aṣọ tútù, ohùn tèmi kì í yí. Ìpẹtà nìkan ni mò ń ṣọ́. Atẹ́gùn Èkó ò fojúure wo irin, mo ti rí àmì pupa kékeré lára bóòtù mẹ́ta. Aṣọ gbígbẹ ni mo fi ń nù ún lẹ́yìn gbogbo ìfidánrawò, mo sì máa ń kán epo ẹ̀rọ ìránṣọ sójú bóòtù bí mo bá ń pààrọ̀ awọ.

Gbogbo ìnáwó náà, awọ, wáyà àti owó ọkọ̀ Kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé èmi àtòun wálé, ló gba ₦250,000 yẹn tán pátápátá. Kọ́kọ́rọ́ ìlù ò sí nínú rẹ̀. Ọ̀gá yẹn ti kó tirẹ̀ sínú àpótí Kánádà, pláyà ni mo fi tú bóòtù ogún lọ́jọ́ náà. Bí ẹ bá ń lọ ra tiyín, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ dání láti ilé.